Níbo Ni O Ti Rí I? Ìtàn Bí A Ti Kọ́ Láti Máa Kọ Nípa Ìlera Sínú Ìwé Ìmọ̀ Tí Gbogbo Ayé Ń Kọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ti orí tẹlifóònù kan bọ́ sí orí òmíràn títí ó fi kárí ilẹ̀ wa: kí olúkúlùkù tètè fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn Ebola má baà wọlé tọ̀ ọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún náà ni arìnrìn-àjò kan ti gbé àrùn yìí wọ Èkó láti ilẹ̀ Liberia. Kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé àrùn náà ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ènìyàn 20 ni ó ti kó o, 8 nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n láti àárín oṣù kẹjọ ni Àjọ kan náà ti ní láti fi ìwé síta pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà tí kì í ṣe Ebola ni ó pa wọ́n, bí kò ṣe omi iyọ̀ tí wọ́n mu nítorí Ebola.

Òkè òkun ni mo wà nígbà náà, mò ń kọ ìwé oyè mi. Ìyá mi pè mí ní òru, ó ní kí n dìde kí n wá iyọ̀. Ìyá mi yìí ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún un. Ó ní òun ti mu ife kan, òun sì ti bu èkejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dà á nù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Níbo ni ìwọ ti rí i pé kò dára?” Ohun tí mo ní lọ́wọ́ láti fi dá a lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo wá Yorùbá títí, n kò rí ìlà kan tí mo lè kà sí i létí gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ lórí ahọ́n, tí mò ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń rìn nínú òkùnkùn. Ó da ife kejì náà nù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nítorí pé mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe dà á nù, kì í ṣe nítorí pé mo fi ẹ̀rí hàn án.

Ìbéèrè ìyá mi yìí ni òpó tí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fẹ̀yìn tì. Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí ń bẹ lórí ayélujára, kò sí òǹkàwé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú wa ni ó sì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú níwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí a ó sì wọ yàrá lọ kà á. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí àwọn tí ń kọ nípa àrùn àti oògùn sínú rẹ̀ ti ṣe kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn, nítorí pé ó mú kí àwọn ènìyàn pa ìbéèrè àtijọ́ tì, èyí tí í ṣe “Ta ni ọ́?”, kí wọ́n sì gba òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 2000 ni Jimmy Wales, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, àti Larry Sanger, ẹni tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ filọ́sọ́fì, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní Nupedia. Àwọn onímọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ kí ó máa kọ ọ́, ìpele méje ni àyọkà kọ̀ọ̀kan sì ní láti là kọjá kí ó tó jáde. Ètò náà dára lójú, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ kànga ni: nígbà tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2003, àyọkà tí ó parí kò tó 30. Ward Cunningham sì ti ṣe irú ojú ìwé kan ní ọdún 1995, tí ẹni tí ó ń kà á lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Láti inú èdè àwọn ará Hawaii ni ó ti mú orúkọ rẹ̀, wiki, tí í ṣe “kíákíá”. Ara ọkọ̀ akérò kan ní pápákọ̀ òfuurufú Honolulu ni ó ti kọ́kọ́ bá orúkọ náà pàdé. Wales àti Sanger yá irú ẹ̀rọ yìí lò. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001, wọ́n ṣí Wikipedia sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè tẹ lẹ́tà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí a bá ní kí gbogbo ọjà jùmọ̀ se ọbẹ̀ kan, ta ni yóò lè jẹ ẹ́? Ní òpin ọdún 2005, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí à ń pè ní Nature fi àyọkà 42 nínú Wikipedia wé irú wọn nínú Encyclopaedia Britannica. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ wọ́n wò rí nǹkan bí àṣìṣe 4 nínú àyọkà Wikipedia kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí 3 nínú ti Britannica. Àwọn onílé Britannica bínú gidigidi, wọ́n kọ̀wé ta ko ìwádìí náà. N kò ní dá ìjà náà sí. Ohun tí ó kàn wá ni pé àṣìṣe nínú ìtàn Napoleon kì í pa ẹni tí ó bá kà á, ṣùgbọ́n àṣìṣe nípa oògùn lè pa á kí ó tó ka ojú ìwé kejì. Nítorí náà, ní ti ìlera, ẹ̀rù ń ba àwọn tí ó ń kọ ọ́ pàápàá.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn gbà láti wá ojútùú sí ẹ̀rù yìí.

Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn tí ó dá Medpedia sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2009. Àwọn dókítà ìṣègùn àti àwọn tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìlera nìkan ni wọ́n gbà láyè láti fọwọ́ kan àyọkà rẹ̀. Ẹni yòówù kò ju kí ó dábàá lọ. Iléèwé ìṣègùn Harvard, ti Stanford àti ti Michigan wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ní ọdún náà èwo ni yóò pẹ́, èmi ì bá tọ́ka sí èyí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, ó ti kógbá sílé. Àwọn dókítà tí a ṣí ìlẹ̀kùn fún kò wá. Wọn kò ní àyè, kò sì sí ohun tí ń fa ọkàn wọn. Àwọn tí ó sì ní àyè àti ìfẹ́ ni a tì mọ́ ìta.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ láìsí ariwo. Ní ọdún 2004, nínú Wikipedia tí gbogbo ayé ń kọ, àwọn dókítà díẹ̀ àti àwọn tí kì í ṣe dókítà kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àbójútó àyọkà ìṣègùn. Wọn kò lè ti ìlẹ̀kùn, nítorí pé ilé náà kò ní ìlẹ̀kùn. Wọn kò lè mọ ẹni tí ń kọ̀wé dájú, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé ni ó ń lo orúkọ ìnagijẹ. Àìlèṣe yìí ni ó bí ọgbọ́n wọn. Nígbà tí “Ta ni ọ́?” kò ti ṣeé bi, ohun tí ó kù láti bi ni “Níbo ni o ti rí i?”

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ìbéèrè kékeré ni. Àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe òfin nípa rẹ̀, òfin náà sì le ju ti ìyókù Wikipedia lọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ ọ́ pé oògùn kan ń wo àrùn kan, kò tó kí ó tọ́ka sí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́. Kò tó kí ó tọ́ka sí ìwádìí kan ṣoṣo tí a ṣe lára eku tàbí lára ogún ènìyàn, nítorí pé ìwádìí kan lè ṣìnà, òmíràn a sì já a nírọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìwé àgbéyẹ̀wò, èyí tí àwọn onímọ̀ ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ sí, tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n wò, tí wọ́n sì sọ ibi tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí. Ó sì dára kí ìwé bẹ́ẹ̀ má ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ, nítorí pé ìmọ̀ ìṣègùn ń yí kánkán. Wọn kì í kọ ìwọ̀n oògùn sínú rẹ̀ bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Wọn kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fún un ní ìmọ̀ràn. Gbogbo àtúnṣe ni ó sì ń wà nínú ìtàn ojú ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, àti orúkọ tí ẹni tí ó ṣe é ń jẹ́ níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi ìka kan dá ọ̀rọ̀ padà sí bí ó ti wà lánàá.

Àwa tí à ń kọ́ ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ ya ẹnu sí irú òfin yìí bí ẹni pé ohun àjèjì ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ẹsẹ Ifá ti ń bẹ̀rẹ̀. Babaláwo kì í sọ pé “Èmi ni mo wí.” Orúkọ awo tí ó dífá ní ọjọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ dá, yóò sọ ẹni tí wọ́n dífá fún, yóò sì sọ ohun tí ó gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ awo, kí ó tó wọ inú ìtàn. Ẹni tí ó bá fo orúkọ wọ̀nyí, àwọn àgbà tí ó jókòó yí i ká yóò dá a dúró. Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì tóbi: awo àtijọ́ tí a dárúkọ, a kì í fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí Wikipedia tọ́ka sí lónìí, bí èyí tí ó sàn jù ú bá jáde lọ́la, wọn yóò yọ ọ́ kúrò láìbanújẹ́. Síbẹ̀, ìtìjú tí ń bẹ nínú kí ènìyàn fi ara rẹ̀ nìkan ṣe ẹlẹ́rìí, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n kí a tó mọ ayélujára.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń ro àwọn dókítà lára gan-an nìyẹn. Dókítà ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sì ń gbà á gbọ́. Bí ó bá wá kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ yìí pé, “Mo ti rí i lára àwọn aláìsàn mi,” ọmọ ogún ọdún kan tí kò wọ iléèwé ìṣègùn rí lè pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kejì, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú wọn ni ó bínú lọ, tí wọn kò padà wá mọ́. Àwọn tí ó dúró ni ó kọ́ ọ̀nà tuntun náà.

James Heilman, dókítà ará Kánádà tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró. Ní nǹkan bí ọdún 2008, ní òru kan tí iṣẹ́ kò pọ̀, ó ṣí àyọkà tí ó dá lórí ìsanrajù, ó sì rí i pé àṣìṣe kún inú rẹ̀. Ó wá ṣàkíyèsí pé òun pàápàá lè tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ jùlọ sí ẹ̀ka ìṣègùn. Ìjà kò sì ṣàì bá a. Ní ọdún 2009, ó gbé àwòrán mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Rorschach sí ojú ìwé: àwọn àbàwọ́n tàdáà tí Hermann Rorschach, dókítà ará Switzerland, tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, tí àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá fi ń wádìí ọkàn ènìyàn. Àwọn onímọ̀ náà figbe ta. Wọ́n ní bí gbogbo ayé bá ti rí àwòrán náà tẹ́lẹ̀, ìdánwò bàjẹ́ nìyẹn; àwọn kan fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tí ń fún dókítà ní àṣẹ iṣẹ́. Òun ní ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni àwòrán náà ti tán nínú òfin, ìmọ̀ sì ni, ayé ni ó ni ín. Mo jẹ́wọ́ pé ọkàn mi pín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilẹ̀ tí a ti ń sọ pé ohun kan jẹ́ awo, tí a sì mọ ìdí rẹ̀, kò lè fi àwọn tí ó ń bínú náà ṣe yẹ̀yẹ́ pátápátá.

Bí a ti ṣe wá gbé ẹ̀kọ́ yìí wọ iléèwé ni ó dùn mọ́ èmi olùkọ́ jùlọ. Ní ọdún 2013, Amin Azzam, olùkọ́ ní iléèwé ìṣègùn ti Yunifásítì California ní San Francisco, ṣètò ẹ̀kọ́ olóṣù kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ kí olúkúlùkù mú àyọkà ìlera kan nínú Wikipedia kí ó sì tún un ṣe, tí wọn yóò sì kà á mọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi gboyè. Láàrin ọdún 2013 sí 2015, akẹ́kọ̀ọ́ 43 ni ó ṣe é. Àtúnṣe 1,528 ni wọ́n ṣe. Ìtọ́ka sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi kún un ju èyí tí wọ́n yọ lọ pẹ̀lú 274, èyí tí wọ́n sì yọ ni àwọn tí kò lágbára. Láàrin ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ti ṣí àyọkà wọn wò ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tí ó sì fi di àárín ọdún 2016, ó ti sún mọ́ ìgbà mílíọ̀nù 22. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ èyíkéyìí nínú wa bi ara rẹ̀ léèrè: àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ní ọdún tí ó kọjá, ènìyàn mélòó ni ó kà á? Èmi nìkan ni. Bóyá n kò tilẹ̀ kà á dé òpin.

Kì í ṣe inú Wikipedia gan-an ni ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní àpótí iyanrìn, níbi tí ó ti lè kọ kí ó sì pa rẹ́ láìba nǹkan jẹ́, bí ọmọ iléèwé àtijọ́ ti ń fi ìka kọ ABD sí ilẹ̀ yanrìn. Lẹ́yìn èyí ni ó ń kọ́ bí a ti ń fi ìtọ́ka sí ìdí gbólóhùn, àti bí a ti ń lọ sí ojú ìwé ìjíròrò láti sọ tẹnu ẹni kí a tó gé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó le jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni kí ó pa èdè iléèwé rẹ̀ tì. Òfin ni pé kí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè ka àyọkà náà kí ó sì yé e. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọdún mẹ́rin kọ́ orúkọ Látìnì àti Gíríìkì fún gbogbo eegun àti iṣan, ní ọ̀sẹ̀ kan a ní kí ó tún máa pè wọ́n bí ìyá rẹ̀ ti ń pè wọ́n.

A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ní ọdún 2014, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí àyọkà mẹ́wàá tí ó dá lórí àwọn àìsàn tí ń ná ilẹ̀ wọn lówó jùlọ. Wọ́n ní nínú mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ ti ta ko ìwé àwọn onímọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé Wikipedia fèsì pé mẹ́wàá kéré, àti pé àwọn tí ó yẹ ìwé wò kò sọ àṣìṣe náà gbangba kí a lè tún un ṣe. Èsì yìí tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn kan ní Kánádà, Open Medicine, gba àyọkà Wikipedia lórí ibà dengue, ó fún àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìwádìí yòókù, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tí ó yẹ kí ó kó ìdààmú bá wa ju àṣìṣe lọ ni iye àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Heilman àti Andrew West ṣe ìṣírò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2015: ní òpin ọdún 2013, àyọkà ìṣègùn inú Wikipedia ti ju 155,000 lọ ní èdè tí ó ju 255 lọ, àwọn ènìyàn sì ṣí wọn wò ní ìgbà bílíọ̀nù 4.88 ní ọdún kan ṣoṣo náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ gidi kò tó 300 ní gbogbo ayé, iye wọn sì ti ń dín kù láti ọdún márùn-ún. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn tí kò tó 300 yìí kò kún gbọ̀ngàn ìjọ kan.

Pẹ̀lú bí wọ́n ti kéré tó yìí, nígbà tí Ebola dé, wọ́n dúró. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé láàrin oṣù kan, àwọn ènìyàn ti ṣí àyọkà Ebola ti èdè Gẹ̀ẹ́sì wò ní ìgbà mílíọ̀nù 17. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà sì ti dá àjọ kan sílẹ̀ láti ọdún 2012, Wiki Project Med Foundation, ẹni tí ó ń bá àwọn atúmọ̀-èdè ọlọ́fẹ̀ẹ́ tí à ń pè ní Translators Without Borders ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n a kọ ìbẹ̀rẹ̀ àyọkà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọrùn, wọ́n a yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, wọ́n a sì fi fún atúmọ̀-èdè láti sọ ọ́ di èdè tirẹ̀. Nígbà tí Kòrónà dé, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ bá àwọn onílé Wikipedia ṣe àdéhùn láti fi àwòrán àti ìwé rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Ìgbà yí padà.

Wàyí o, ti Yorùbá ń kọ́? Wikipedia èdè wa kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 2002 ni a ṣí i, àyọkà rẹ̀ sì ti ju 30,000 lọ. Ìròyìn yìí mú inú mi dùn kí n tó wọ inú rẹ̀. Púpọ̀púpọ̀ nínú àwọn àyọkà náà kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ, àìmọye wọn ni ó sì dá lórí àwọn òkúta kéékèèké tí ń yí oòrùn ká láàrin Mars àti Jupiter, tí olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Òkúta ojú ọ̀run kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò béèrè wọn ní òru ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ti kóra jọ sí ẹgbẹ́ Wikimedia Yorùbá báyìí, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kọ́ ara wọn, iṣẹ́ wọn sì ti ń hàn.

Nígbà tí èmi pẹ̀lú wá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, mo rò pé Yorùbá ni kò ní nira fún mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú. Ẹ mú “ibà”. Lẹ́nu wa, ara gbígbóná lásán, ibà ni; àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ibà náà ni; ti Lassa, ibà ni; Ebola pàápàá, ibà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé “Ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà,” mo ti pa irọ́ fún ẹni tí ibà Lassa ń ṣe, tí í ṣe pé eku ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún. Ẹ mú ṣànpọ̀nná, tí àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n á ní “ilẹ̀ gbóná”. Ìwé ìmọ̀ kò mọ ẹ̀rù, orúkọ ni ó ń béèrè fún orí àyọkà. Ó dára kí á tilẹ̀ dúpẹ́ pé láti ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé kò sí i mọ́ láyé, tí ó fi jẹ́ pé ìtàn nìkan ni a fi ń pè é.

Èyí tí ó gba oorun lójú mi ni “kògbóògùn”. Nígbà tí éèdì kọ́kọ́ dé, tí kò sí ohun tí a lè fi tọ́jú rẹ̀, àwọn oníròyìn àti àwọn onílera wa sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, ó dùn lẹ́nu, òtítọ́ sì ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni a ti ń lo àpapọ̀ àwọn oògùn tí ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò. Wọn kò lé e jáde tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò wọ́n déédéé lè gbó kí ó tọ́, kí ó sì bí ọmọ tí kò ní in. Orúkọ ṣì ń wí pé kò gbọ́ oògùn. Aláìsàn tí a bá sọ pé àrùn kògbóògùn ni ó ń ṣe é, kí ni yóò máa lọ gba oògùn fún? Níhìn-ín, ìtọ́ka tí ó pé, ìwé àgbéyẹ̀wò tí ó dára, gbogbo rẹ̀ lè wà ní ìdí gbólóhùn, kí orí àyọkà máa pa ènìyàn. Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ lórí títún orúkọ wọ̀nyí ṣe, ó sì yẹ kí iṣẹ́ wọn jáde kúrò nínú yàrá ìkàwé. Òfin “Níbo ni o ti rí i?” kò lè yanjú èyí fún wa, nítorí pé gbogbo ibi tí a ti rí i, Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ tí a fi gbé e wọ Yorùbá, àwa ni a yàn án, àwa ni a ó sì dáhùn fún un.

Ọdún tí ó kọjá ni mo túmọ̀ àyọkà kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é. Mo wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ti àwọn onísáyẹ́ǹsì mu rẹ́gírẹ́gí, mo sì kọ ọ́ káàkiri ojú ìwé náà: “ìgasókè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú ìṣàn.” Nígbà tí mo lọ sílé, mo jókòó ti ìyá mi, mo sì kà á fún un láti orí tẹlifóònù mi. Ó gbọ́ ọ títí dé ìlà kẹrin. Ó ní, “Dúró ná. Kí ni ó ń jẹ́ ìgasókè?” Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ni o ń wí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀?”

Mo tún un ṣe níbẹ̀, lójú rẹ̀. Àyè kékeré kan wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń sọ ìdí àtúnṣe kí àwọn yòókù lè mọ̀. Mo ronú sí i díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbo ni mo ti rí i, ìyá ẹni kò sí nínú àwọn ẹ̀rí tí òfin gbà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Orúkọ tí àwọn tí ó ń ṣe ń pè é.” Ìyá mi ní kí n máa kà á lọ.